Conn Smythe

Constantine Falkland Cary Smythe, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Conn Smythe (ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1895 – ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1980), jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Kánádà, oníṣòwò, jagunjagun àti olùdarí ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín. Òun ni ó ṣaájú àwọn tó ra ẹgbẹ́ Toronto ní ọdún 1927, tí ó fún un ní orúkọ Toronto Maple Leafs, tí ó sì di àkóso rẹ̀ mú títí di ọdún 1961. Láàárín àkókò yìí, ẹgbẹ́ náà gba Ife Stanley, ife ẹ̀yẹ tó ga jù lọ nínú họ́kì ilẹ̀ Kánádà àti Amẹ́ríkà, ní ìgbà méje.

Họ́kì orí yìnyín yàtọ̀ sí họ́kì orí pápá tí a mọ̀ ní Nàìjíríà. Orí omi dídì ni wọ́n ti ń gbá a, bàtà onírin ni wọ́n sì fi ń sáré. Eléré mẹ́fà péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní lórí yìnyín lẹ́ẹ̀kan náà, aṣọ́lé sì wà lára wọn. Nítorí pé wọn kò pọ̀, eléré kan ṣoṣo tó dáńgájíá lè yí ìdíje padà. Ta ni kí a rà, ta ni kí a tà, èló ni kí a san fún un: ìbéèrè tó ń gba oorun lójú àwọn olùdarí nìyí. Bí Smythe ṣe dáhùn rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di olókìkí, òun náà ni ó sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín òun àti ọ̀pọ̀ àwọn tó bá a ṣiṣẹ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Ìlú Toronto ni a ti bí Smythe. Albert Smythe, bàbá rẹ̀, wá láti agbègbè Antrim ní Ireland. Oníṣẹ́ ìròyìn ni, owó kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ilé wọn. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kú ní ọdún 1906 nígbà tí ọmọ náà ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Smythe lọ sí Yunifásítì Toronto láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ènìyàn kúkúrú ni, kò sì ga tó láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni lórí yìnyín, ṣùgbọ́n òun ni balógun ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ yunifásítì náà tó gba ife ẹ̀yẹ ìpínlẹ̀ Ontario ní ọdún 1915.

Láìpẹ́ lẹ́yìn ìdíje náà, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wọ iṣẹ́ ológun. Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ Military Cross dá a lọ́lá ní ọdún 1917. Nígbà tó yá, ó bọ́ sí ẹ̀ka ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn ọmọ ogun Jámánì já ọkọ̀ rẹ̀ lulẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ó sì di ẹlẹ́wọ̀n ogun títí ogun fi parí. Nígbà tó padà sílé, ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1920, ó fẹ́ Irene Sands, ó sì dá iṣẹ́ títa yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni ó ń bọ́ ọ. Ìrọ̀lẹ́ ni ó fi ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní họ́kì. Kò sẹ́ni tó ń ta yanrìn tí kì í ka iye ọkọ̀ tó jáde àti iye owó tó wọlé, bẹ́ẹ̀ náà ni Smythe ṣe ka eléré títí ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Bí New York ṣe lé e

Ní ọdún 1926, líìgì NHL ń gbòòrò wọ àwọn ìlú ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Àwọn tó dá ẹgbẹ́ New York Rangers sílẹ̀ kò mọ eré náà dunjú, wọ́n sì pe Smythe kí ó wá eléré fún wọn. Líìgì ìwọ̀-oòrùn Kánádà ti túká ní àkókò yìí, àwọn eléré rẹ̀ sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ wọ́n. Smythe mọ̀ wọ́n. Ó kó Bill Cook àti Bun Cook àbúrò rẹ̀, Frank Boucher, Ching Johnson àti aṣọ́lé Lorne Chabot jọ, ní owó tí kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n wá ṣe lẹ́yìn náà.

Kò bá wọn gbá eré kan. Àwọn olówó ẹgbẹ́ náà fẹ́ kí ó ra Babe Dye, agbáyòwọlé tó lókìkí ní Toronto. Smythe kọ̀, ó ní eléré tí ń gbá fún ara rẹ̀ nìkan ni. Kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́, wọ́n sì fi Lester Patrick rọ́pò rẹ̀. Wọ́n tún fẹ́ fi 2,500 dọ́là dín kù nínú 10,000 tí wọ́n jọ ṣe àdéhùn lé lórí, ṣùgbọ́n ó gbà á lọ́wọ́ wọn nígbẹ̀yìn. Gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ, ó fi 2,500 yìí ta tẹ́tẹ́ lórí ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì, ó jẹ. Ó tún fi èrè rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ pé Rangers yóò borí ẹgbẹ́ Toronto, ó tún jẹ. Ní ọdún 1928, Rangers gba Ife Stanley pẹ̀lú àwọn eléré tí ó kó jọ.

Ríra ẹgbẹ́ Toronto

Toronto St. Patricks ni orúkọ ẹgbẹ́ Toronto nígbà náà, àwọn tó ni ín sì ti fẹ́ tà á. Àwọn kan láti Philadelphia fi 200,000 dọ́là lọ̀ wọ́n. Smythe kò ní iye bẹ́ẹ̀. Ó lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹgbẹ́ ìlú wọn kó lọ sí ilẹ̀ àjèjì, wọ́n sì gbà láti tà á fún òun àti àwọn alájọṣe rẹ̀ ní 160,000. Nínú owó yìí, 10,000 péré ni ó jẹ́ ti Smythe. J. P. Bickell, ọlọ́rọ̀ tó ń wa kùsà, fi ìpín tirẹ̀ tó tó 40,000 sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ náà lórí àdéhùn pé Smythe ni yóò máa darí rẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1927 ni wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ náà padà sí Maple Leafs, ìyẹn ewé igi tó jẹ́ àmì Kánádà, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Kánádà sì lẹ̀ mọ́ aṣọ wọn nígbà ogun. Aṣọ àwọ̀ ewé tí wọ́n ń wọ̀ di búlúù àti funfun.

Àwọn ọ̀dọ́ ni Smythe fi bẹ̀rẹ̀. Frank Selke, tó jẹ́ oníṣẹ́ iná mànàmáná, ń tọ́jú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní Toronto Marlboros. Láti ibẹ̀ ni Charlie Conacher àti Harvey Jackson ti wá, tí wọ́n sì wá ń gbá pọ̀ pẹ̀lú Joe Primeau. Owó kékeré ni àwọn ọmọ wọ̀nyí gbà, wọ́n sì wà lára àwọn tó dára jù lọ nínú líìgì láàárín ọdún díẹ̀.

Ẹṣin, Clancy àti ilé ìṣeré tuntun

Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún un ni ògbólógbòó eléré kan tí yóò kó àwọn ọmọ náà sọ́kàn. Ní ọdún 1930, ẹgbẹ́ Ottawa Senators wà nínú ìṣòro owó, wọ́n sì fẹ́ ta King Clancy, eléré ẹ̀yìn tó dára jù lọ níbẹ̀. Àwọn olùdókòòwò Toronto kò fẹ́ san ju 25,000 dọ́là lọ. Ottawa ń béèrè 35,000 àti eléré méjì.

Smythe ní ẹṣin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Rare Jewel, tí kò tíì já mọ́ nǹkan kan rí. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ó fi í sínú eré-ìje kan ní pápá Woodbine. Ẹṣin tí ẹnikẹ́ni kò kà sí náà borí. Ẹni tó fi dọ́là méjì ta tẹ́tẹ́ lé e gba 214 dọ́là àti díẹ̀. Nígbà tí a bá ro ẹ̀bùn eré-ìje náà pọ̀ mọ́ tẹ́tẹ́ tí ó jẹ, owó tó wọ àpò Smythe lọ́jọ́ yẹn lé ní 10,000. Èyí ni ó fi kún owó ẹgbẹ́. Ní oṣù Kẹwàá, Clancy di ti Toronto ní 35,000 dọ́là, Art Smith àti Eric Pettinger sì lọ sí Ottawa. Nínú líìgì nígbà náà, owó gọbọi ni èyí. A lè sọ pé tẹ́tẹ́ ló ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe tẹ́tẹ́ ló sọ fún un pé Clancy ni kí ó rà.

Owó bẹ́ẹ̀ kò lè máa wọlé nínú ilé ìṣeré kékeré tí wọ́n ń lò. Smythe pinnu láti kọ́ tuntun, ní àkókò tí ìdẹnukọlẹ̀ ọrọ̀ ajé àgbáyé ti gbalẹ̀. Nígbà tí owó kò tó, Selke lọ bá àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí òun náà jẹ́ ọmọ wọn, wọ́n sì gbà kí àwọn òṣìṣẹ́ gba ìdá kan nínú márùn-ún owó iṣẹ́ wọn ní ìpín ìdókòòwò nínú ilé náà. Oṣù Kẹfà ọdún 1931 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kọkànlá, wọ́n ṣí Maple Leaf Gardens. Chicago ni ó borí Toronto lọ́jọ́ náà pẹ̀lú àmì ayò méjì sí ẹyọ kan.

Sáà yẹn kan náà ni wọ́n gba Ife Stanley, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Dick Irvin. New York Rangers ti Lester Patrick ni wọ́n borí nínú àṣekágbá, ìfigagbága mẹ́ta léraléra, àmì ayò mẹ́fà ni wọ́n sì gbá wọlé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Frank Finnigan wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ottawa tí wọ́n ra Clancy lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè kópa ní sáà yẹn nítorí àìrówó, àwọn eléré rẹ̀ sì ń gbá fún àwọn ẹgbẹ́ mìíràn.

Gbèdéke owó ọ̀yà

Ní ọdún 1932, àwọn onílé ẹgbẹ́ inú líìgì péjọ, wọ́n sì fi gbèdéke lé owó ọ̀yà. Ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ san ju 70,000 dọ́là lọ fún gbogbo eléré rẹ̀ ní sáà kan, eléré kankan kò sì gbọdọ̀ gbà ju 7,500 lọ. Fún sáà 1934–35, wọ́n tún dín in kù sí 62,500 àti 7,000. Àwọn eléré kan kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ṣùgbọ́n kò sí ibòmíràn tí wọ́n lè lọ.

Ẹni tí ó bá mọ gbèdéke owó ọ̀yà tí NHL ń lò lónìí ní láti kíyè sí ìyàtọ̀. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, pẹ̀lú 39 mílíọ̀nù dọ́là fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wáyé lẹ́yìn tí wọ́n ti pàdánù sáà kan odindi nínú àríyànjiyàn pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn eléré, tí wọ́n sì jọ fọwọ́ sí i. Ti ọdún 1932, àwọn onílé ẹgbẹ́ nìkan ni ó gbé e kalẹ̀. Nígbà náà, eléré tó bá ti fọwọ́ sí ìwé fún ẹgbẹ́ kan di ti ẹgbẹ́ náà títí wọn yóò fi tà á, tí wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀, tàbí tí wọn yóò fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọdún àdéhùn rẹ̀ lè parí, kò lè tìtorí bẹ́ẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Wọn kì í sì í bi í léèrè kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ sí ìlú mìíràn.

Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, olùdarí tí kò lè fi owó fa ojú eléré mọ́ra ní láti fi ojú ríran. Smythe a máa wá ọmọdé tí owó rẹ̀ kéré, a sì máa ta àgbà eléré nígbà tí orúkọ rẹ̀ ṣì ń tà. Ní ọdún 1933, ó fi aṣọ́lé Lorne Chabot ránṣẹ́ sí Montreal Canadiens, ó sì gba George Hainsworth dípò rẹ̀. Ní ọdún 1936, ó lọ wo aṣọ́lé kan ní Windsor, ṣùgbọ́n aṣọ́lé ẹgbẹ́ kejì ni ó wọ̀ ọ́ lójú. Turk Broda ni orúkọ rẹ̀, ó sì rà á lọ́wọ́ Detroit ní owó tí kò tó 10,000 dọ́là. Ọdún kan náà ni Syl Apps dé, ẹni tí Smythe kọ́kọ́ rí níbi tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ irú ti Kánádà fún Yunifásítì McMaster. Broda àti Apps ni òpó ẹgbẹ́ náà fún ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e. Ó ta Conacher sí Detroit ní ọdún 1938. Ní ọdún 1939, ó kó Jackson àti eléré mẹ́rin mìíràn fún New York Americans, ó sì gba ẹnì kan ṣoṣo, Sweeney Schriner. Ọ̀yà ènìyàn márùn-ún kúrò nínú ìwé ìṣirò rẹ̀, ti ẹnì kan wọlé.

Ọgbọ́n yìí mú kí ẹgbẹ́ náà wà lókè nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n kò gba ife. Láti 1933 sí 1940, Toronto dé àṣekágbá ní ìgbà mẹ́fà, wọ́n sì pàdánù gbogbo rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn kò tilẹ̀ rí ẹ̀mí gùn tó bẹ́ẹ̀: Ottawa kó lọ sí St. Louis ní 1934, ó sì kú níbẹ̀ láàárín ọdún kan. Montreal Maroons dáwọ́ dúró ní 1938. New York Americans náà parẹ́ ní 1942. Ẹgbẹ́ mẹ́fà ni ó ṣẹ́ kù.

Ogun kejì àti ọ̀rọ̀ Ted Kennedy

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, Smythe ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì. Síbẹ̀, ó kó ẹgbẹ́ ológun kan jọ nínú àwọn eléré ìdárayá àti àwọn oníròyìn, ó sì bá wọn lọ sí òkè òkun. Ó fi ẹgbẹ́ họ́kì sílẹ̀ fún Selke àti akọ́nimọ̀ọ́gbá tuntun, Hap Day. Ní ọdún 1942, Detroit ti borí Toronto nínú ìfigagbága mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú àṣekágbá. Day fi àwọn gbajúmọ̀ kan jókòó, ó fi àwọn mìíràn rọ́pò wọn, Toronto sì borí nínú mẹ́rin tó kù. Kò tíì sí ẹgbẹ́ mìíràn tó ṣe irú rẹ̀ nínú àṣekágbá Ife Stanley.

Ní ọdún 1943, Selke ṣe pàṣípààrọ̀ kan láìgba àṣẹ ọ̀gá rẹ̀. Ó fún Montreal ní ẹ̀tọ́ lórí Frank Eddolls, ọ̀dọ́ eléré ẹ̀yìn tó wà nínú iṣẹ́ ológun, ó sì gba ẹ̀tọ́ lórí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kan tó ń jẹ́ Ted Kennedy. Nígbà tí ìròyìn náà dé etí Smythe lókè òkun, inú bí i gidigidi, ó sì ní kí wọ́n fagi lé e. Ó ti pẹ́ jù. Ohun tó dùn ún ni pé wọ́n fi ọmọ tó ń sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tọrẹ nígbà tí òun náà wà lójú ogun. Ó sì tún jọ pé ó rò pé wọ́n fẹ́ gba ẹgbẹ́ náà mọ́ òun lọ́wọ́. Kennedy gba Ife Stanley márùn-ún fún Toronto, ó sì di balógun wọn ní ọdún 1948. Eddolls kò pẹ́ ní Montreal. Nínú gbogbo pàṣípààrọ̀ tí ẹgbẹ́ náà ṣe nígbà ayé Smythe, ó ṣòro láti rí èyí tó dára ju èyí tí òun fẹ́ fagi lé yìí lọ.

Ní oṣù Keje ọdún 1944, àwọn ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ju bọ́ǹbù sí ibi tí ẹgbẹ́ ológun rẹ̀ wà nítòsí Caen ní ilẹ̀ Faransé. Ọgbẹ́ tí ó gbà mú kí ó máa tiro títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Nígbà tó padà sí Kánádà, ó sọ fún ìwé ìròyìn Globe and Mail pé àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ojú ogun kò gba ẹ̀kọ́ tó péye. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí wàhálà fífi túláàsì kó ènìyàn lọ sí ogun gbóná ní Kánádà lọ́dún náà.

Ọ̀rọ̀ òun àti Selke kò dán mọ́rán mọ́. Ní ọdún 1946, Selke kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, Montreal Canadiens sì gbà á lọ́wọ́ kan. Ó kọ́ àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ káàkiri Kánádà fún wọn, láti inú èyí tí wọ́n ti rí àwọn tó gba Ife Stanley ní ìgbà márùn-ún tẹ̀léra, 1956 sí 1960.

Márùn-ún fún Bentley

Toronto gba ife ní ọdún 1945, ṣùgbọ́n sáà tó tẹ̀ lé e kò dára, wọn kò tilẹ̀ wọ ìdíje fún Ife Stanley. Smythe túbọ̀ kó àwọn ọ̀dọ́ wọlé: Howie Meeker, Jimmy Thomson, Gus Mortson, Bill Barilko. Wọ́n gba ife ní 1947. Ẹlòmíràn ìbá fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní Chicago, Max Bentley ti gba àmì ẹ̀yẹ agbáyòwọlé jù lọ nínú líìgì ní sáà méjì tẹ̀léra, síbẹ̀ ìsàlẹ̀ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1947, Smythe fún Chicago ní Gaye Stewart, Gus Bodnar àti Bud Poile, àwọn mẹ́ta tó ń gbá pọ̀ níwájú, àti Bob Goldham pẹ̀lú Ernie Dickens tí wọ́n jẹ́ eléré ẹ̀yìn. Bentley àti ọ̀dọ́ kan, Cy Thomas, ni ó gbà. Eléré gidi ni àwọn tó lọ. Stewart ti gbá àmì ayò 37 wọlé ní sáà 1945–46, kò sì sí ẹni tó gbá tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà.

Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀ kò ṣòroó lóye. Toronto ní ọ̀dọ́ púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ kékeré tí wọ́n lè fi dí àlàfo. Chicago kò ní. Ẹgbẹ́ tó ní ẹ̀yìn lè fi márùn-ún gba ẹyọ kan tó tayọ. Pẹ̀lú Apps, Kennedy àti Bentley, Toronto ní agbáàárín mẹ́ta tí ẹgbẹ́ mìíràn kò ní irú wọn. Wọ́n parí sáà náà ní ipò kìíní, wọ́n sì gba ife. Chicago parí rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ní 1949, lẹ́yìn tí Apps ti fẹ̀yìn tì, ipò kẹrin ni Toronto wà nínú líìgì, síbẹ̀ wọ́n tún gba ife, wọ́n sì di ẹgbẹ́ NHL àkọ́kọ́ tó gbà á ní ìgbà mẹ́ta léraléra.

Àṣẹ rẹ̀ lórí àwọn eléré kò mọ síbi owó. Ní ìgbẹ̀yìn ọdún 1949, ó ní Broda ti sanra jù, ó yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn ọ̀pá títí tí yóò fi wálẹ̀ sí ìwọ̀n 190 pọ́ùn, ó sì ra aṣọ́lé mìíràn, Al Rollins, láti fi dẹ́rù bà á. Àwọn ìwé ìròyìn sọ ọ̀rọ̀ náà di eré, wọ́n ń tẹ ohun tí Broda jẹ jáde lójoojúmọ́. Ó wálẹ̀, ó sì padà. Rollins náà dúró, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ ṣọ́lé ní ọdún 1951 nígbà tí Barilko gbá àmì ayò tó mú ife keje wá. Barilko kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú ní oṣù Kẹjọ ọdún náà.

Ẹgbẹ́ àwọn eléré

Ní oṣù Kejì ọdún 1957, àwọn eléré líìgì náà, tí Ted Lindsay ti Detroit ṣaájú wọn, kéde pé àwọn ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ná owó ìfẹ̀yìntì wọn, wọ́n sì fẹ́ owó ọ̀yà tó kéré jù tí ẹnikẹ́ni lè gbà. Aṣojú wọn ní Toronto ni Jimmy Thomson, tó ti gba ife mẹ́rin fún Smythe. Smythe kà á sí ọ̀dàlẹ̀. Wọ́n tà á sí Chicago lọ́dún náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Tod Sloan tí òun náà wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀hún tẹ̀ lé e. Detroit ti kó Lindsay lọ sí Chicago ṣáájú. Pàṣípààrọ̀, tó jẹ́ irinṣẹ́ Smythe fún gbígba ife, di pàṣán. Ọkùnrin tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ìdá kan nínú márùn-ún owó iṣẹ́ wọn bá kọ́ ilé ìṣeré kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ létí àwọn eléré rẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà túká ní ọdún 1958, ṣùgbọ́n àwọn onílé gbà láti fi kún owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n sì gbà pé eléré kankan kò ní gba iye tó kéré sí 7,000 dọ́là. Iye yìí kan náà ni ó jẹ́ òpin ohun tí ẹni tó dára jù lọ lè gbà ní sáà 1934–35. Ọdún 1967 ni wọ́n tó dá ẹgbẹ́ eléré tó dúró sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí a kò lè fò. Herb Carnegie, ọmọ Toronto tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Jamaica, wà lára àwọn ọ̀dọ́ tó mọ họ́kì gbá jù nígbà tirẹ̀. Ó sọ pé nígbà tí òun ń gbá ní Maple Leaf Gardens ní nǹkan bí ọdún 1938, akọ́nimọ̀ọ́gbá òun sọ fún òun pé Smythe ṣe tán láti san 10,000 dọ́là fún ẹni tó bá lè sọ òun di aláwọ̀ funfun. Carnegie kò gbá nínú NHL rí. Willie O'Ree ti Boston ni ó di ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀, ní ọdún 1958. Wọ́n fi orúkọ Carnegie sínú Ilé Ọlá họ́kì ní ọdún 2022, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Títa ẹgbẹ́ àti àwọn ọdún ìkẹyìn

Toronto kò gba ife mọ́ títí Smythe fi lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1961, ó ta ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìpín rẹ̀ fún Stafford ọmọ rẹ̀, ní nǹkan bí mílíọ̀nù méjì dọ́là. Ó ní òun kò mọ̀ pé Stafford yóò pín in pẹ̀lú Harold Ballard àti John Bassett. Ẹgbẹ́ tí wọ́n jogún gba ife ní 1962, 1963, 1964 àti 1967. Ní ọdún 1966, nígbà tí wọ́n gbà kí Muhammad Ali àti George Chuvalo ja ẹ̀ṣẹ́ ní Gardens, Smythe fi ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ olùdarí sílẹ̀ nítorí ohun tí Ali sọ lórí ogun Vietnam. Stafford kú ní ọdún 1971, kí ẹjọ́ tí wọ́n pe òun àti Ballard lórí owó Gardens tó dé ilé ẹjọ́. Ọdún yẹn kan náà ni Smythe bínú kúrò nínú Ilé Ọlá họ́kì, ilé tí òun fúnra rẹ̀ bójú tó kíkọ́ rẹ̀, nítorí wọ́n fi orúkọ Harvey Jackson síbẹ̀. Ọtí àti ìgbé ayé Jackson ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Jackson sì ti kú láti ọdún 1966.

Ó yíjú sí ẹṣin rẹ̀ ní Caledon, ó sì fi Caledon Beau àti Jammed Lovely gba eré-ìje Queen's Plate ní 1958 àti 1967. Ó ná owó púpọ̀ lórí àwọn ọmọdé aláàbọ̀ ara ní Ontario. Irene ìyàwó rẹ̀ kú ní ọdún 1965. Ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ fún ènìyàn ní àmì ẹ̀yẹ Conn Smythe, tí wọ́n ń fún eléré tó wúlò jù lọ nínú ìdíje fún Ife Stanley. Jean Béliveau ni ó gbà á, ti ẹgbẹ́ Montreal.

Smythe kú ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1980, ní ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Toronto ni wọ́n sin ín sí.